Ìwé Ìṣirò Wa Láyé Pọ́n-ùn àti Ṣílè

Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, síléètì la fi ń ṣe ìṣirò ní Ìgèdè-Èkìtì wa níbí. Tí tíṣà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, a ó nù ún nù. Ohun tó bá kù, orí ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ìsọdipúpọ̀ bí orin.

Àwa tí a kò rówó girama, tí a ń dá kàwé fún ìdánwò GCE lábẹ́ àtùpà, la mọ iyì àkọsílẹ̀. Èmi a fa ìlà sí àárín ojú ìwé: iṣẹ́ ìṣirò lọ́tùn-ún, ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lósì, ní èdè Èkìtì. Èyí tó bá ta kókó, mo ń fi bírò pupa sàmì sí i, n ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ láì wo ìdáhùn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Pọ́n-ùn kan, tó jẹ́ ogún ṣílè tàbí 240 kọ́bọ̀ àtijọ́, di náírà méjì. Ẹni tó há àpẹẹrẹ sórí tún ìṣirò owó kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ìdí sílẹ̀ kàn pààrọ̀ iye ni.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi fóònù kọ́ ìṣirò lónìí, ẹ má kàn ya fọ́tò ojú ìwé. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ní èdè tó yé yín jù.