Àjọ Aláàánú Wo Ni Kí A Fún Ní Sàká àti Sàárà Wa?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fún wa ní ọrọ̀, tí ó sì fi ẹ̀tọ́ aláìní sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Bí oṣù Ràmàdánì bá ti ń súnmọ́lé, fóònù kì í sinmi mọ́. Àwòrán ọmọ aláìsàn ń wọlé lórí WhatsApp, mọ́ṣáláṣí àdúgbò ń wá owó ẹ̀rọ amúnáwá, ilé-kéú ń wá òrùlé, àjọ ńlá ń fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Gbogbo wọn ni ó ń dárúkọ Ọlọ́hun. Owó tí ó wà nílé kò sì lè kárí wọn. Ìdí nìyí tí àwọn òǹkàwé wa fi máa ń béèrè pé: "Àáfà, àjọ wo gan-an ni kí a fún?"

Ìdáhùn wa ni pé kí a kọ́kọ́ mọ irú owó tí ó wà lọ́wọ́ wa. Owó kan wà tí ó jẹ́ tiwa, tí a lè fún ẹni tí ó wù wá. Òmíràn wà tí kì í ṣe tiwa mọ́, a kàn ń bá àwọn tálákà tọ́jú rẹ̀ ni.

Sàká, sàárà àti waqf

Sàká jẹ́ ọ̀ranyàn lórí Mùsùlùmí tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ó sì lo odidi ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Náírà 25 ni a ó yọ nínú 1,000 kọ̀ọ̀kan. Iye tí wúrà ń lọ ní ọjọ́ tí ọdún owó wa pé ni kí a fi ṣírò, nítorí pé iye náà kì í dúró sójú kan.

Àwọn tí sàká tọ́ sí kò sí lọ́wọ́ wa láti yàn. Súúrà At-Taobah, àáyà 60, ti ka ìsọ̀rí mẹ́jọ: aláìní, tálákà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba sàká jọ, àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ ẹ̀sìn, ìdáǹdè ẹrú, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú mazhab Imam Malik, kò pọn dandan kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. A lè gbé e fún ìsọ̀rí tí ìnira rẹ̀ pọ̀ jù.

Sàárà ní tirẹ̀ gbòòrò. A lè fi kọ́ mọ́ṣáláṣí, fi gbẹ́ kànga, fi bọ́ aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Waqf ni dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun, tí a kì í tà, tí èrè rẹ̀ ń ṣe ọmọ ènìyàn láǹfààní, bí Sàhábà Umar ti ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar. Àpẹẹrẹ ohun tí ìdáwójọ lè ṣe wà nílé wa pẹ̀lú: ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kọ́ ilé-ìwé kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi sàká kọ́ mọ́ṣáláṣí. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ kan lóde òní fẹ ìtumọ̀ "ojú ọ̀nà Ọlọ́hun" lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó fọkàn balẹ̀ jù ni pé kí a fi sàárà ra ẹ̀rọ amúnáwá, kí a sì jẹ́ kí sàká dé ọwọ́ àwọn olówó rẹ̀. Iná lè máa tàn nínú mọ́ṣáláṣí nígbà tí opó tí ó wà lẹ́yìnkùlé ibẹ̀ kò dáná. Bí ó bá jẹ́ pé owó tirẹ̀ ni a fi tan iná yẹn ńkọ́?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Nígbà tí Ànábì rán Muadh ọmọ Jabal lọ sí Yemen, ó pàṣẹ pé ọwọ́ olówó ibẹ̀ ni kí a ti gba sàká, kí a sì dá a padà fún tálákà ibẹ̀. Ó tún kọ́ wa pé ọrẹ fún tálákà jẹ́ ọrẹ kan, ṣùgbọ́n fún ìbátan ó di méjì: ọrẹ àti ìdàpọ̀ ẹbí.

A kì í fún òbí tàbí ọmọ tí bùkátà rẹ̀ wà lọ́rùn wa ní sàká, nítorí ojúṣe wa ni láti bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àbúrò tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ òrukàn, ìbátan tí ọkọ rẹ̀ kú, gbogbo wọn lè gbà á tí wọ́n bá ṣe aláìní. Kí a wá àwọn tí ojú ń tì láti tọrọ pẹ̀lú, tí aláìmọ̀kan máa ń rò pé wọ́n ní.

Ohun tí a ó bi àjọ kí a tó fún un

Ẹgbẹ́ NASFAT ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún sàká àti sàárà. Zakat and Sadaqat Foundation náà wà ní Èkó. A kò dárúkọ wọn láti polówó wọn. Ìbéèrè kan náà ni kí a bi àjọ ńlá àti kékeré:

1. Ṣé wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC? Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ àjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC. Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ yẹ kí ó mú wa dúró.
2. Ṣé orúkọ àjọ ni àkáǹtì ń jẹ́, àbí ti ènìyàn kan?
3. Ṣé wọ́n ya owó sàká sọ́tọ̀ kúrò lára sàárà?
4. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ aláìní? Ṣé wọ́n ń dé ilé rẹ̀, ṣé lémọ́ọ̀mù àdúgbò mọ̀ ọ́n?
5. Èló ni òṣìṣẹ́ ń gbà? Ọlọ́hun fún òṣìṣẹ́ sàká ní ìpín. Fífi í pamọ́ ni àléébù.
6. Ṣé wọ́n ń gbé ìṣirò owó jáde lọ́dọọdún?
7. Báwo ni wọ́n ṣe ń bo àṣírí ẹni tí wọ́n fún? Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí a má fi ìrègún àti ìnira ba sàárà wa jẹ́. Opó tí a gbé àpò ìrẹsì lé lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà ti fi ìtìjú sanwó ìrẹsì náà.

Ní ti àwòrán aláìsàn, kí a fúnra wa wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn, kí a pè wọ́n, kí a sì san owó sí àkáǹtì ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá ń kánjú wa kí a má lè béèrè, ẹ jẹ́ kí a fura sí i.

Àwọn ọmọ wa ní London náà ní ọ̀nà ìwádìí. Charity Commission ní ìwé orúkọ tí ó ń fi owó tí àjọ gbà àti èyí tí ó ná hàn. Ẹni tí ó ń san owó orí níbẹ̀ tí ó sì fọwọ́ sí Gift Aid, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn 1 kọ̀ọ̀kan tí ó fún àjọ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ẹbí ilé.

Bí ìdílé ṣe lè pín in

Ká sọ pé sàká wa jẹ́ 600,000 náírà. A lè fi 250,000 san gbèsè ìbátan tí ọkọ rẹ̀ kú, kí a fún aládùúgbò tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 100,000, kí a sì gbé 250,000 fún àjọ tí ó dáhùn ìbéèrè wa, nítorí pé ó lè dé ibi tí ọwọ́ wa kò tó. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni kí ó jókòó yàn án, kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tí ó bá wà níbẹ̀ yóò mọ̀ pé owó ilé wọn kì í ṣe tiwọn nìkan.

Bí a bá ti ṣe ìwádìí tán, kí ẹ̀rù má bà wá. Ànábì sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ọrẹ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè, lẹ́yìn náà sọ́wọ́ alágbèrè, lẹ́yìn náà sọ́wọ́ olówó, láì mọ̀. A sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí olè tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ olè jíjà, kí alágbèrè ronú pìwà dà, kí olówó náà kọ́ láti máa ná nínú ọrọ̀ rẹ̀. Ti ìwádìí ni tiwa. Ti gbígbà á ni ti Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Àmín.