Bí ẹ ṣe lè ra fóònù àlòkù lórí ayélujára láì bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì

Olùgbé àdúgbò Gamkalley nílùú Niamey, orílẹ̀-èdè Niger, lè rí ìpolówó fóònù àlòkù lójú òpó Facebook ní owó pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará Ìbàdàn lè rí i lórí Jiji, iléeṣẹ́ tó ra OLX Nàìjíríà lọ́dún 2019.

Owó ìṣáájú ni oníjìbìtì fi ń mú èèyàn. Yóò ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá rà á, pé kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Bí owó bá ti lọ, ó ṣòro kó tó padà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé:

- Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fojú rí ọjà.
- Ẹ pàdé òǹtajà lọ́sàn-án, níbi tí èrò wà.
- Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI olóókan 15 tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu.
- Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n má baà ká ọjà olè mọ́ yín lọ́wọ́.
- Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yín.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni ẹ̀rí tí ẹ máa kó fún ọlọ́pàá. Nàìjíríà ti ní òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára láti ọdún 2015, Niger sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2019.