Iṣẹ́ Abẹ Sísanra Àsanjù: Àtúnṣe Tó Yẹ Kí Aláìsàn àti Ìdílé Rẹ̀ Ṣe sí Oúnjẹ àti Ìgbé Ayé

Láwùjọ wa, bí ẹnì kan bá sanra, àwọn èèyàn á ní ayé ti gbà á. Bí àlejò bá sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àwo, ìyá ilé á máa rò pé bóyá ọbẹ̀ òun ni kò dùn. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sísanra fún máa ń padà sí, nígbà tí àpòlúkù rẹ̀ kò lè gbà ju ṣíbí mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ará ilé kò bá mọ ohun tó ti yí padà, "ẹ gbìyànjú, ẹ tún jẹ díẹ̀ sí i" tí wọ́n ń fi ìfẹ́ sọ lè di èébì, ó sì lè dá aláìsàn padà sí ọsibítù.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀ ni pé ẹnì kan ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ yí àṣà oúnjẹ padà. Àlàyé yìí kò rọ́pò ti dókítà. Bí ìlànà ọsibítù yín bá yàtọ̀ sí ohun tó wà níhìn-ín, ti ọsibítù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ta ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún?

Ìtọ́jú àìsàn ni iṣẹ́ abẹ yìí, kì í ṣe ọ̀nà àtiṣe ẹwà. Sísanra àsanjù máa ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún dídùn àti kí èémí máa dá dúró lójú oorun.

Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni BMI. A ó fi gíga ẹni ní mítà lọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èyí tó bá jáde pín ìwọ̀n ara ní kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó sì wọn kílò 110, BMI rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40. Láti 1991, ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn mìíràn, ni wọ́n ń gbà fún. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé, ASMBS àti IFSO, sọ ọ́ di 35 bí kò tilẹ̀ sí àìsàn mìíràn, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò láti 30 fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tó kù á sì rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí kò gbà ju nǹkan bí mílílítà 30 lọ, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì. Wọ́n á wá so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, kí oúnjẹ má ṣe gba inú àpòlúkù tó kù kọjá mọ́. Edward Mason àti Chikashi Ito ní Yunifásítì Iowa, Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún sísanra ní 1966.

Abẹ máa ń dín ebi àti àyè oúnjẹ kù, àmọ́ kò lè pa ẹnu dé. Ẹni tó bá ń mu mínírà tàbí tó ń lá àìsìkiriìmù látàárọ̀ dalẹ́ lè sanra padà, nítorí ohun olómi dídùn máa ń kọjá wẹ́rẹ́ nínú àpò kékeré náà.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Oṣù mélòó kan ṣáájú ni kí aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣà tuntun kọ́ra: kí ó máa jẹun lásìkò, kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi mínírà àti tíì oníṣúgà púpọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́ ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, nítorí sìgá kì í jẹ́ kí ojú abẹ tètè jiná, ó sì ń fa egbò sínú àpòlúkù.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, ọ̀pọ̀ ọsibítù máa ń fún aláìsàn ní oúnjẹ tí kò ju kálórì 800 sí 1,000 lọ lóòjọ́. Ẹ̀dọ̀ ló fà á. Ẹ̀dọ̀ fẹ̀ lé orí àpòlúkù, ti ẹni tó sanra sì máa ń wú nítorí ọ̀rá. Bí oúnjẹ bá dín kù, ẹ̀dọ̀ á fún, dókítà á sì rí ibi tó ń ṣiṣẹ́ sí. Bí kò bá fún, iṣẹ́ abẹ á le, wọ́n sì lè dá a dúró. Nítorí náà, kí ará ilé má ṣe ṣe àsè ìdágbére fún un ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí láìjẹ́ pé dókítà tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Ẹ dárúkọ gbogbo àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ tí ẹ ń lò fún dókítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, kí wọ́n lè tún àìtó ẹ̀jẹ̀ àti fítámì ṣe kí abẹ tó kan ara.

Bí oúnjẹ ṣe ń padà, ìpele dé ìpele

Ọjọ́ 1 sí 2: omi lásán, omi ẹran tàbí omi ẹja tí a ti sẹ́, tí kò ní ata àti òróró. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa mu ún, kó má gbé e mì gbàgà.

Títí di òpin ọ̀sẹ̀ 2: wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, wàrà sóyà tí kò ní ṣúgà, ọbẹ̀ tí a lọ̀ tó sì ṣàn. Ẹ̀kọ mímu nìkan kò tó, nítorí amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré. Ẹ po wàrà pọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì ṣàn.

Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná bíi ti ọmọ ọwọ́, bí ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ àti ẹyin rírọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: oúnjẹ rírọ̀ tí a lè fi ṣíbí tẹ̀: mọ́ínmọ́ín tí kò ní òróró púpọ̀, ẹja sísè, ẹran adìẹ lílọ̀, ẹ̀fọ́ tó jinná dáadáa.

Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ: oúnjẹ ilé, díẹ̀díẹ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tó bá a lára mu.

Ẹ má ṣe fo ìpele kankan nítorí pé ara ti ń yá. Ojú ibi tí wọ́n rán kì í tíì jiná nígbà yẹn.

Òkèlè, omi àti ohun dídùn

Àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, ńṣe là ń gbé e mì. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ni a gbọ́dọ̀ jẹ ní nǹkan bí ìgbà 20 sí 30 kí ó tó lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀bà, iyán, fùfú àti búrẹ́dì rírọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n lè há sí ọ̀nà tóóró náà, wọ́n sì ń gba àyè tó yẹ kí amúaradàgbà wà. Fún oṣù mélòó kan, ọbẹ̀ àti ẹja inú rẹ̀ ni kí aláìsàn jẹ, kí ó fi òkèlè sílẹ̀. Bí dókítà bá wá gbà á láyè, kí òkèlè náà kéré, kí ó sì jẹ́ òun ló kẹ́yìn.

Amúaradàgbà ló máa ń ṣáájú nínú àwo. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nílò ó kéré tán gíráàmù 60 lóòjọ́, kí ẹran ara rẹ̀ má baà yọ́ pẹ̀lú ọ̀rá. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, mílílítà 250 wàrà ní nǹkan bí 8, ẹja sísè tó wọn gíráàmù 100 sì ní nǹkan bí 20.

Omi àti oúnjẹ kì í lọ pọ̀ mọ́. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu omi. Láàárín ọjọ́, kí ó máa mu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó lítà kan àbọ̀ sí méjì. Ohun mímu tó ń hó kò dára fún un.

Fún ẹni tó ṣe bypass pàápàá, ṣúgà lè sáré wọ inú ìfun. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, òòyì á máa kọ́ ọ, ìgbẹ́ á sì gbọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní dumping nìyẹn. Kì í ṣe oró, kì í ṣe àfọwọ́fà. Ohun dídùn ló pọ̀ jù.

Fítámì, títí ọjọ́ ayé

Èyí ni àwọn èèyàn máa ń pa tì jù, pàápàá nígbà tí ara bá ti fúyẹ́. Àpòlúkù ló ń ṣe èròjà tí ara fi ń gba fítámì B12. Nígbà tí ó bá dín kù, B12 náà á dín kù, iṣan lè bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ fún aláìsàn ni àpapọ̀ fítámì, B12, fítámì D, áyọ́ọ̀nù tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, àti kálísíọ̀mù mílígíráàmù 1,200 sí 1,500 lóòjọ́. Kí wákàtí 2 ó kéré tán wà láàárín áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ara gba ara wọn.

Ọ̀pọ̀ kápúsù fítámì ni wọ́n fi gelatin ṣe, ó sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi ewéko ṣe, tàbí ti olómi. Bákan náà, ara ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ enoxaparin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú. Fondaparinux, tí wọn kò yọ lára ẹranko, wà. Bí dókítà bá ní òmíràn kò bá ara yín mu, ẹ̀sìn kò ní kí ẹ fi ẹ̀mí yín wéwu. Ohun tí ìnira sọ di dandan ní ìdájọ́ tirẹ̀.

Fún ara ríro, ẹ yẹra fún ibuprofen àti diclofenac, pàápàá lẹ́yìn bypass, nítorí wọ́n ń fa egbò inú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa paracetamol.

Ìrun àti àwẹ̀

Kí aláìsàn máa kírun bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, ní ìjókòó bí ìdúró bá ṣòro. Bí omi kò bá gbọdọ̀ kan ojú abẹ, ó lè fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì nígbà ìwẹ̀ ọ̀ranyàn.

Ní ti àwẹ̀ Rámádánì, àwọn dókítà kì í sábà gbà kí aláìsàn gbà á ní oṣù 6 sí 12 àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sì ń sọ pé kí ó tó oṣù 18. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè mu ju omi díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan kò ní rí àyè mu lítà kan àbọ̀ láàárín ìṣínu àti sààrì. Súratul-Baqarah, áyà 184 àti 185, ti fún aláìsàn ní ìyọ̀ǹda láti san án lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá ní ìrètí pé ara yóò gbà á mọ́, fídíyà ni tirẹ̀, ìyẹn bíbọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú aláìgbàgbọ́ wò ó nítorí pé ó ń mu omi lọ́sàn-án.

Nígbà tí dókítà bá ti yọ̀ǹda àwẹ̀, kí ó fi omi àti dàbínù kan péré ṣínu, kí ó sinmi kó tó jẹ amúaradàgbà. Dàbínù púpọ̀ pẹ̀lú zobo oníṣúgà lè mú dumping wá.

Ara, oyún àti òde

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ó ti máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kò gbọ́dọ̀ gún iyán, gbé kẹ́ẹ̀gì omi tàbí pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí eré ìdárayá mìíràn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀.

Láàárín oṣù 3 sí 6, irun orí lè máa já. Ó sábà máa ń padà hù bí amúaradàgbà àti fítámì bá pé.

Kí tọkọtaya fi oyún sílẹ̀ fún oṣù 12 sí 18, nítorí ara ìyá kò tíì ní èròjà tó tó fún ọmọ. Ẹ mọ̀ pé ó lè rọrùn láti lóyún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé lẹ́yìn bypass, oògùn oníhóró ìfètòsọ́mọbíbí lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn.

Ní òde ìsọmọlórúkọ tàbí yìgì, ẹ bá a bu díẹ̀ sínú àwo kékeré, kí ẹ má sì kà á sí ìgbéraga bí kò bá tán an.

Àmì ewu

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá bí ẹ bá rí ibà, inú rírun líle, kí àyà máa sáré láìdúró, èémí tí kò délẹ̀, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dun ni, tàbí ìgbẹ́ dúdú.

Èébì tó bá ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan léwu gidi, nítorí ó lè gbẹ́ fítámì B1 kúrò lára, kí ojú máa ṣe bàìbàì, kí ẹsẹ̀ máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kí iyè sì ra. Ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kí wọ́n tó fa omi glucose sí i lára, nítorí B1 ló yẹ kó ṣáájú.

Ní Bìrìtéènì, àjọ NICE ní kí ọsibítù tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà máa tọ́jú aláìsàn fún ọdún 2 ó kéré tán, kí àyẹ̀wò sì máa wáyé lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ń lọ sí Tọ́kì tàbí Íńdíà ṣe tirẹ̀, kí ó wá dókítà tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nílé kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì gba ìwé àlàyé iṣẹ́ abẹ náà bọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fún àwọn tó ń dáná fún wọn ní sùúrù àti òye. Àámín.