Kí Ló Dé Tí A Kò Kọ́lé Sórí Alùpùpù?

Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Aládé sí Odòde. Ọlọ́kadà tí ó gbé mi ti so agbòòrùn ńlá mọ́ alùpùpù rẹ̀ nítorí òjò. Bí a ti yọ láàárín àpáta méjì, ìjì já lù wá láti ẹ̀gbẹ́, ó sì fa agbòòrùn náà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Díẹ̀ ló kù kí a wọ gọ́tà. Mo rántí òwe àwọn àgbà: adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ìró ni a fi sọ alùpùpù lórúkọ: ó ń lu "pùpù" bí ó ti ń lọ. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi ìlú Okada sọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ọkọ̀ òfuurufú ní ara tí ó bo èrò mọ́lẹ̀, alùpùpù kò ní.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fún un ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, ní 1936, Ernst Henne gun alùpùpù BMW tí a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò bí ẹja, ó sì sáré kìlómítà 272 láàárín wákàtí kan. Ní 1937, ó dé 279.5. Kò sí ẹni tí ó borí rẹ̀ títí di 1951. Àmọ́ ojú ọ̀nà tí ó tọ́ gbọọrọ ni eré bẹ́ẹ̀ wà fún. Nínú ìdíje gbogbo, bí ìjì bá ti ẹ̀gbẹ́ kọlu ìbòrí gbàràmù tí ó wà níwájú, ńṣe ni ó ń yí orí alùpùpù sọ́nà mìíràn. Ìdí nìyí tí àjọ FIM fi ka ìbòrí tí ó bo ẹsẹ̀ iwájú léèwọ̀ láti 1958.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í dá dúró. Ẹni tí ó gùn ún ni ó ń gbé e ró. Ibi tí ó bá fẹ́ ṣubú sí ni awakọ̀ ń yí ọwọ́ sí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè padà sábẹ́ ẹrù. Bí ó bá dúró, awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ tilẹ̀. Bí a bá há awakọ̀ mọ́ inú ilé, ẹsẹ̀ kò ríbi yọ, ìjì sì ti rí ògiri tì. Nítorí náà ni Arnold Wagner, ará Switzerland, ṣe fi ẹsẹ̀ kéékèèké méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ecomobile rẹ̀ ní ẹ̀wádún 1980, kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ dúró. BMW C1 ní òrùlé àti bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀; láàárín 2000 sí 2002 nìkan ni wọ́n ṣe é.

Nílé wa ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó gba orúkọ Buba Marwa, alákòóso ológun Èkó láàárín 1996 sí 1999, ní òrùlé nítorí pé ó ní ẹsẹ̀ kẹta. Síbẹ̀, òun náà lè dojú dé bí a bá fi eré gé kọ́nà. Ọ̀nà tóóró oko kòkó Ìdànrè kò sì gbà á. Alùpùpù ni yóò máa gbé kòkó jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ẹ wọ ẹ̀wù òjò àti akoto, kí ẹ sì fi agbòòrùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀mí kò láàrọ̀. Ire o.