Ìdílọ́wọ́ ni, Kì í Ṣe Ìdènà

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i tí wọ́n túmọ̀ ámpílífáyà sí "ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá". Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ríwáyà tó forí wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tírélà, tó fi ẹnu mú tọ́ọ̀ṣì, kò ní ráyè ka gbogbo ìyẹn sílẹ̀ kó tó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ gbé e wá. Àwọn tó ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa: fi "a" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó di olùṣe. Mú ohùn ga: amóhùnga. Ó parí.

Wáàtì, fóòtì àti óòmù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Georg Ohm, ọmọ Jámánì tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827, ló ni óòmù, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ olórúkọ. Sípíkà náà ti di tiwa. Agbára tí sípíkà lè fara dà láti Ìbàdàn dé Kánò láìjóná, wáàtì àfaradà ni. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, wáàtì góńgó ni.

Ibi tí ìjà wà ni ohun tí à ń fi óòmù wọ̀n gan-an. Oliver Heaviside, ọmọ Ìlú Ọba, ló sọ ọ́ ní "impedance" ní 1886. "Ìdènà" ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní Yorùbá, mi ò sì gbà. Ọ̀nà ló wà nínú "dènà". Ẹni tó dènà dè ọ́ kò fẹ́ kí o kọjá rárá. Sípíkà óòmù 4 kò ní kí iná má kọjá; ìwọ̀n tí yóò kọjá ló ń pinnu. "Dí lọ́wọ́" ló bá a mu. Ìyá tó pọn ọmọ tó tún ń lọ ata, ọmọ náà ń dí i lọ́wọ́, síbẹ̀ ata ń kúnná. Ìdílọ́wọ́, nígbà náà. Ẹnì kan lè ní kí a gé e sí "ìdíwọ́", ṣùgbọ́n ìdíwọ́ ti di ohun tí à ń gbàdúrà lé lọ. Ó ti wúwo jù fún iṣẹ́ yìí.

Kí a fi "ìtakò" sílẹ̀ fún ti wáyà lásán, "resistance". Fi mítà wọn sípíkà óòmù 4, yóò sábà ka 3 àti díẹ̀: ìtakò nìkan ni mítà rí. Ìdílọ́wọ́ kó ìtakò mọ́ra, ó tún ń yí padà bí ohùn bá ṣe ń rinlẹ̀ tàbí tó ń lọ sókè.

Orúkọ tí kò tọ́ máa ń ba ẹrù jẹ́. Bí o bá sọ fún ọmọṣẹ́ pé ìdènà ni, yóò rò pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Yóò to sípíkà óòmù 4 méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di 2. Iná tí amóhùnga ń tú jáde di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kó má lọ sílẹ̀ ju 4 yóò gbóná, yóò sì pa ara rẹ̀. Ká ní ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, 8 ni ì bá rí.

"Ìmúdọ́gba" tí àwọn kan ń pe ètò yíyan sípíkà tó yẹ amóhùnga, òun náà kò tọ́. Kò sí ohun tó dọ́gba níbẹ̀: óòmù tó wà nínú amóhùnga fúnra rẹ̀ kéré ju 1 lọ fíìfíì. Ìbámu ni, gẹ́gẹ́ bí à ṣe ń sọ pé aṣọ bá ènìyàn mu.

Ó ku bátìrì. Fóòtì 24 ni ọ̀pọ̀ tírélà tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ń lò, bátìrì 12 méjì tí wọ́n tò tẹ̀léra. Fóòtì 12 sì ni ọ̀pọ̀ amóhùnga ń fẹ́. Ẹni tó bá so ó mọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ń fa ìyẹn gbẹ, ó sì ń ba èkejì jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ 24 di 12. Arẹfóòtìsílẹ̀ ni mò ń pè é.