OWÓ ÀPAPỌ̀ ÀTI ÌṢIRÒ RẸ̀: ÌTÀN KAN LÁTI ÌGBÀ RÉLÙWÉÈ TÍTÍ DÉ ÒNÍ

 

Ọ̀rọ̀ owó ló kó wa jọ. A fẹ́ kọ́ ilé ìpàdé, a sì ń tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ìtàn tó yẹ ìwé ìrántí yìí ni ìtàn owó àpapọ̀: bí ìjọba ti ń ṣètò rẹ̀, bí wọ́n ti ń ná an, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ná an kí a tó ṣírò. Àwọn àgbà ló ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀nà irin tó gbé àwọn bàbá wa dé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin dé Minna. Àwọn kan jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, àwọn mìíràn jẹ́ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 1907, nígbà tí Percy Girouard ń ṣàkóso Àríwá, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Bárò létí Odò Ọya lọ sí Kánò. Ní 1911 ó dé Kánò. Ọ̀nà irin tó ti Èkó gba Jẹ́bà wá sì pàdé rẹ̀ níbí ní Minna.

Ta ló sanwó iṣẹ́ náà? Ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Àríwá, tí ibùjókòó rẹ̀ ti wà ní Zungeru ìtòsí wa yìí láti 1902, kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Gúúsù ló fi orúkọ ara rẹ̀ yá owó náà. Owó tó ń wọlé fún Àríwá kò tó o ná rárá. Gúúsù ń fún un ní nǹkan bí 70,000 pọ́ùn lọ́dún nínú owó ẹnubodè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi ìrànwọ́ kún un, tó lé ní 300,000 pọ́ùn lọ́dún bí a bá pín owó ọdún mọ́kànlá tó parí ní 1912 dọ́gba. Ẹni tó ń bù fún ni kò ní ṣàì yọjú wo inú igbá: àwọn olùtọ́jú owó ní London ló ń yẹ ètò ìṣúná Zungeru wò. Ọ̀rọ̀ àìtó owó yìí wà lára ohun tó mú kí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914.

Ní àkókò kan náà ni wọ́n dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn Ẹ́míà ní Àríwá, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ìtúlmálì. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù. Nǹkan bí ìdajì owó orí dúró sílé fún iṣẹ́ ìlú, ìyókù lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ná sílẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n tó ná an. Báyìí ni àpò ọba àti àpò ìlú ṣe di méjì.

Àwa Yorùbá náà ní ẹni tí a lè tọ́ka sí nínú iṣẹ́ yìí. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré ní rélùwéè ní 1933. Ó di Akọ̀wé Àgbà ní ilé iṣẹ́ owó ti Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ní 1961. Nínú iṣẹ́ tí irú wọn ṣe, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé owó ló gbé ẹrù rẹ̀ lórí. Bí owó bá sọnù nítorí àìbìkítà rẹ̀, òfin lè ní kó san án padà nínú owó oṣù tirẹ̀.

Ọdún sìmẹ́ńtì

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní nǹkan bí 1974, ó dà bí ẹni pé a kò nílò ìṣirò mọ́. Ogun abẹ́lé ti parí, àwọn ọmọ ogun ń fẹ́ bárékè, gbogbo ìlú ń fẹ́ ilé àti ọ̀nà. Ìjọba wá ránṣẹ́ ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò nìkan ra 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé 2.9 mílíọ̀nù péré ni wọ́n nílò.

Nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì ni èbúté Èkó lè gbà lọ́dún. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yẹn: ogún ọdún gbáko ni wọn ì bá fi já ẹrù náà sílẹ̀. Ẹni tó ń ra kò bá ẹni tí yóò já a sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi di 1975, ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 ti to lọ rẹrẹ lójú omi Èkó. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lójoojúmọ́ fún dídúró lásán. Sìmẹ́ńtì ń dì bí òkúta nínú wọn, àwọn ọkọ̀ tó kó oúnjẹ àti oògùn kò sì rọ́nà wọlé.

Nígbà tí ìjọba Murtala Mohammed dé ní oṣù keje 1975, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ tí Adájọ́ Belgore ṣe alága rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti fọwọ́ síwèé. Àwọn tó ta sìmẹ́ńtì pè wá lẹ́jọ́ ní London, wọ́n jàre wa níbẹ̀ ní 1977. Wọ́n tún jàre wa ní New York ní 1981.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn. Minna di olú ìlú. Fáìlì àti òṣìṣẹ́ gbéra láti Sókótó. Murtala Nyako ni gómìnà ológun àkọ́kọ́, Awwal Ibrahim sì ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn, ní 1979. Láti ìgbà náà, ètò ìṣúná kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ láti òkèèrè mọ́. Minna níbí ni wọ́n ti ń kà á.

Ohun tí òfin wí lónìí

Àṣìṣe ló máa ń bí òfin. Ní 2001 ìjọba àpapọ̀ dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tó ń yẹ iye owó iṣẹ́ àgbàṣe wò. Òfin ọjà rírà ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2007. Ó ní kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí a nílò, kí owó rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná, kí owó náà sì wà nílẹ̀ ní tòótọ́ kí a tó pe ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn agbaṣẹ́ṣe díje ní gbangba. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 de gbogbo ìpínlẹ̀: gómìnà ni yóò gbé ètò ìṣúná síwájú ilé ìgbìmọ̀, a kò gbọdọ̀ fa owó yọ láìsí àṣẹ òfin, ayẹ̀wé-owó-wò àgbà sì gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ ranṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé owó bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Níbí ni a ti ń san owó orí. Níbí ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ sílé ìwé, tí àwọn aya wa sì ti ń bímọ. Ẹni tó bá ń dáwó sí ìkòkò ọbẹ̀ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè iye ẹran tó wà nínú rẹ̀.

Tilé wa ńkọ́?

Kí a má baà máa tọ́ka sí ìjọba nìkan, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Àwa náà ti ṣe ọdún sìmẹ́ńtì tiwa. Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé yìí, a gbọ́ pé owó sìmẹ́ńtì fẹ́ gbówó lórí, a sì sáré rà á kí ìwé ilẹ̀ tó jáde. A kó o sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ kan. Òjò dé, ìwé kò dé. Nígbà tí ìwé fi máa jáde, púpọ̀ nínú àpò náà ti dì gbagidi. Kò sí ẹni tó jí kọ́bọ̀. Síbẹ̀ owó àwọn ìyá alátẹ àti ti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti lọ sí ilé ìkẹyìn, wọn kò rí ilé náà. Èyí ló dùn wá jù, òun ló sì kọ́ wa pé àìṣírò lè pa owó lára bí olè.

Nítorí náà, lórí owó tí ẹ máa dá lónìí, a pinnu báyìí: a ó ka iye rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́, a ó kọ ètò ìnáwó kí a tó ra bíríkì kan, a ó béèrè iye lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, ẹni tó ń ra kò ní jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú owó, àwọn méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ni yóò sì yẹ ìwé wò, tí wọn yóò kà á ní ìpàdé gbogbogbò. Rìsíìtì yóò wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí i.

Ẹ dáwó, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wá léèrè. Kí Ọlọ́run bùkún àpò yín, kó sì jẹ́ kí gbogbo wa ṣí ilé náà tayọ̀tayọ̀. Àṣẹ.