Ẹni Tó Ń Gbé Létí Odò

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń gbé létí odò kì í fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Minna ni òwe yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Inú oṣù kẹta ni, ooru mú débi pé ewúrẹ́ kì í kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó bá dúró. Láago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọmọláńke mẹ́ruwà (ẹni tó ń ta omi kiri) tó ń bọ̀ lọ́nà, tí táyà rẹ̀ ń dún gìrìgìrì lórí òkúta, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá sí méjìlá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sùn gbàgbé, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó wẹ̀. Màá ka kẹ́ẹ̀gì tèmi, màá sanwó, ojú mi á sì bọ́ sára nọ́mbà ọkọ̀ tó ń kọjá, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí: Niger. Orúkọ odò ni. Ìpínlẹ̀ tó jẹ́ orúkọ odò tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èmi sì ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò. "Kì í" tó wà nínú rẹ̀ ní ojú méjì. Ojú kan ń ròyìn: kò sí ẹni tó ń ṣe é, bí ìgbà tí a bá ní ewúrẹ́ kì í bí àgùntàn. Ojú kejì ń kìlọ̀: kò yẹ kí a ṣe é, bí ìgbà tí a bá ní a kì í pe ọba lórúkọ gangan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa á, ojú ìkìlọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi bá ọmọ olówó tó ń jẹ gbèsè wí, tàbí kí wọ́n fi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìbátan tó wà nípò. Ṣùgbọ́n ìròyìn ló wà nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà. Òwe ti gbà pé ẹni tó bá ti wà létí odò, omi ti tó o lọ́wọ́ nìyẹn. Ó jọ mí pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò dé ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí.

Ká má purọ́, Minna fúnra rẹ̀ kò sí létí odò ńlá kankan. Ẹsẹ̀ òkè ló wà. Òkè Paida àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ na gbọọrọ níhà ìlà-oòrùn ìlú, àpáta ògbólógbòó sì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ dùbúlẹ̀ lé. Irú àpáta báyìí kì í mu omi bí ilẹ̀ iyanrìn. Bí òjò bá rọ̀, omi á yọ̀ lára rẹ̀ lọ; ìwọ̀nba tó bá ríbi wọ inú sísán àpáta ló ń ṣẹ́kù fún kànga. Láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta, òjò kì í sábà kán. Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí àpáta ti sán nígbà tó ń gbẹ́ kànga, ó jèrè. Aládùúgbò rẹ̀ lè gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kó má bá nǹkan kan bí kò ṣe òkúta.

Àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ náà ti mọ ìyẹn tipẹ́, ìkòkò omi wọn sì lókìkí. Ìyá onílé mi, ọmọ Gbàgyí ni, kì í gbé omi lé orí. Èjìká ni, á yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, á sì máa rìn bí ẹni pé kò ru nǹkan kan. Mo bi í léèrè pẹ̀lú ìwọ̀nba Hausa ẹnu mi. Ó ní orí ni ọba ara, ta ló ń di ẹrù ru ọba? Èmi ọmọ Yorùbá tí mò ń bọ orí, tí mo tún ń fi orí kan náà ru garawa, mi ò rí èsì fọ̀.

Ojú irin ló sọ Minna di ìlú ńlá. Ní 1907 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Baro, èbúté kan lórí odò Ọya, ó sì dé Kano ní 1911. Èyí tó ti Èkó gba Ilọrin àti Jebba wá ni ó wá pàdé rẹ̀ ní Minna. Oríta irin ni ìlú náà, kì í ṣe èbúté, iṣẹ́ rélùwéè àti òwò ló sì gbé púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá àkọ́dé wá. Zungeru tó wà nítòsí odò Kaduna ni olú-ìlú Àríwá láti 1902. Nígbà tó di 1916, ìjọba kó ẹrù lọ sí ìlú Kaduna. Minna dúró síbi irin rẹ̀ títí di oṣù kejì 1976, tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe olú-ìlú. Kò sí ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó o ní Nàìjíríà: ó ju 76,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ.

Odò náà wá ńkọ́? Ọya ni àwa ń pè é, Nupe ń pè é ní Edu, Hausa ń pè é ní Kwara. Orí òkè Futa Jalọn ní Guinea ló ti ń sun, níbi tí kò ju bí 240 kìlómítà sí òkun. Kàkà kó wọ òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ńṣe ló kẹ̀yìn sí i. Ó gba aṣálẹ̀ Mali lọ, ó yí gba ìtòsí Timbuktu, kó tó ṣẹ́rí wá sọ́dọ̀ wa. Àpapọ̀ ìrìn rẹ̀ tó bí 4,180 kìlómítà. Láàárín Mali, ó tẹ́ rẹrẹẹrẹ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń fà bí arìnrìn-àjò tó rí ibòji. Ìfàsẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí omi náà kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún níhà Borgu ní ìpínlẹ̀ Niger. Ìkún funfun ló ń kọ́kọ́ dé, láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Omi òjò tòsí ni, pẹ̀lú èyí tí odò Sokoto gbé wá; ó kún fún amọ̀, ó rí bí omi ògì. Ìkún dúdú ń tẹ̀ lé e láti oṣù kọkànlá, ó sì ń ga jù nínú oṣù kìíní tàbí ìkejì. Òjò tó ti rọ̀ ní Guinea lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ni, ó ti da gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mali, ó wá mọ́ débi tó fi dúdú lójú ẹni tó ń wò ó. Lákòókò tí kànga Minna ń gbẹ, odò Ọya ń kún.

Orí ìkún méjèèjì yìí ni ẹ̀yà kan gbé ayé wọn lé. Lókè ìlú Bussa, ní ilẹ̀ Yauri, odò náà pín sí ẹsẹ̀ púpọ̀, ó sì fi erékùṣù sáàárín. Gungu ni Hausa ń pe irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ ní Gungawa. Reshe ni àwọn ń pe ara wọn. Wọn kò ní àsíá, abẹ́ ọba Yauri ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni orílẹ̀-èdè àárín omi wà ní àríwá Nàìjíríà, wọn ni màá nawọ́ sí. Òwe wa kò tilẹ̀ rò wọ́n mọ́ ọn. Etí odò ló mọ̀. Kò mọ àárín odò.

Tẹ́lẹ̀ rí, àlùbọ́sà ni wọ́n fi lókìkí. Amọ̀ tí ìkún funfun bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí, wọ́n á wá fi omi ìkún dúdú rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ rí i bí ó ṣe bọ́ sí i: oko gbogbo ayé ti gbẹ, tiwọn ń hù, omi ò sì jìnnà sí eébè. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó o lọ tà nísàlẹ̀ odò. Wọ́n ń pẹja pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ajagun Kontagora ń kó ẹrú kiri ní ọ̀rúndún 19, omi náà ló tún jẹ́ odi ìlú fún wọn.

Ní 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Kainji, lórí odò kan náà. Ní 1968 wọ́n pa odò náà dé, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní oṣù kejì 1969. Adágún tó tibẹ̀ jáde gùn tó bí 136 kìlómítà, ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì tó 24. Bussa àtijọ́ wọ abẹ́ omi, àti ibi olókùúta tí omi ti ń ru gùdù, níbi tí òyìnbó arìnrìn-àjò Mungo Park kú sí ní 1806. Àwọn erékùṣù náà wọ omi lọ bákan náà. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì ènìyàn ni wọ́n ṣí nípò, wọ́n sì kọ́ New Bussa àti àwọn abúlé tuntun mìíràn fún wọn.

Ẹ wá fojú inú wo ará erékùṣù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Frank Salamone, tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, kọ̀wé nípa bí àwọn Gungawa ṣe ń di Hausa: wọ́n ń gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n ń pa ìmúra àti ìṣe wọn dà, títí wọ́n á fi máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá Hausa gbé pọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe tipátipá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀. Ọjà ni, àdúgbò ni, ìgbéyàwó ni. Àmọ́ èmi ò lè yọ omi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n fi ilé rẹ̀ sọ lórúkọ, tí ilé náà wá wọ inú omi, kí ló kù tó máa fi orúkọ ọ̀hún ṣe?

Ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn fi ń bá odò yìí gbé, kí n mẹ́nu kàn án kí n tó gbàgbé. Jebba náà ní erékùṣù tirẹ̀, òun sì ni afárá rélùwéè gùn lé kọjá. 1916 ni afárá náà parí, kó tó dìgbà náà ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Lórí erékùṣù yẹn àti ní abúlé Tada nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn ère tí àwọn Nupe ní Tsoede, baba ńlá wọn, kó wá láti Idah. Ọ̀kan nínú ti Tada, ọkùnrin kan tó jókòó, bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, ọwọ́ Ifẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ifẹ̀ ló ti wá. Láyé àtijọ́, lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ará Tada máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò ha á lára, kí àwọn ìyàwó wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ìwẹ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ara ère náà fi jó rẹ̀yìn, tó ń dán bí òkúta odò. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo èyí tí mo mọ̀ nípa Ọya lọ. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń tọ́jú ère náà báyìí. Kò sí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ká padà sí Kainji. Kì í ṣe gbogbo igi ni wọ́n gé kí omi tó dé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kùkùté wọn ṣì dúró nísàlẹ̀, wọn kò sì ṣeé rí nígbà tí omi bá bò wọ́n díẹ̀. Àwọn abúlé tí adágún là láàárín, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ ọjà, ilé ìwòsàn, òkú, ìyàwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án 2025, ní agbègbè Malale ní Borgu, ọkọ̀ kan tó kún fún ẹni tó ń lọ bá olóòkú kẹ́dùn kọlu irú kùkùté bẹ́ẹ̀. Ó dojú dé. Ó ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tó kú, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Ìdí tí wọ́n fi sé odò náà ńkọ́? Iná. Lórí ìwé, Kainji lè mú mẹ́gáwáàtì 760 jáde, Jebba 578, Shiroro lórí odò Kaduna 600, Zungeru tó dara pọ̀ mọ́ wọn kẹ́yìn 700. Lórí ìwé ni mo wí o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki Niger ní Ìpínlẹ̀ Agbára Iná. Wáyà gba orí abúlé kọjá lọ sí Èkó àti Kano, abúlé náà ń tan àtùpà. Òfin kan jáde ní 2010 tó dá àjọ sílẹ̀ fún àwọn àgbègbè tí ìsédò wà, Minna sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìyẹn ni pé ó gba ohun tó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí Gowon ṣí Kainji kí ìjọba tó kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó wà létí odò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan nínú odò. Ojú méjèèjì "kì í" ló ti fọ́ níbí. Kò yẹ kí wọ́n fi itọ́ ṣan ọwọ́, òótọ́ ni. Wọ́n sì ń fi í ṣan án.

Foge ni erékùṣù tó tóbi jù nínú àwọn tó wọ omi nígbà tí wọ́n sé odò ní Kainji. Kò rì tán. Lẹ́yìn tí ìkún dúdú bá ti kọjá, tí ẹ̀rọ ń fa omi adágún jáde, ojú omi máa ń wálẹ̀ tó bí mítà mẹ́wàá kí òjò tuntun tó dé. Foge á yọ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà á yọ ìhà, koríko burugu á sì bo ẹrẹ̀ rẹ̀. Àwọn darandaran á da màlúù wọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ á gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á wá wọn ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, oníkálukú á kọ eébè rẹ̀ ní kíákíá lórí amọ̀ tútù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kórè kó tó di oṣù kẹjọ.